Ìyá Eugen Ti Mọ́tò Gun Òkè: Ohun Tí Ọkọ̀ Tó Dákú Lọ́nà Kọ́ Gbogbo Ayé

Kò sí ẹni tó ti fi lọ́rì kó ata tàbí iṣu rí tí kò mọ bó ṣe máa ń rí kí ọkọ̀ dákú sójú ọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo rẹ̀ á wá dákẹ́. Dírẹ́bà á bọ́ sílẹ̀, á ṣí iwájú ọkọ̀, èéfín á bò ó lójú. Kọndọ́kítọ̀ á figbe ta: "Ẹ̀yin èrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ bá wa tì í!" Ẹni tó kó tòmátì sínú ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí wo oòrùn. Ẹni tó jẹ́ pé owó àjọ ló fi ra ọjà á káwọ́ lérí.

Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, èpè ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí àwọn mìíràn lẹ́nu. Wọ́n á bú dírẹ́bà, wọ́n á bú ọlọ́kọ̀, ẹlòmíràn tilẹ̀ á bú ẹni tó ṣe mọ́tò látilẹ̀ wá. Ó dára. Ẹni tó ṣe mọ́tò látilẹ̀ wá ọ̀hún, ẹ gbọ́ ìtàn ìyàwó rẹ̀. Nítorí òun gan-an ni obìnrin àkọ́kọ́ tí mọ́tò dákú mọ́ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà jíjìn, kò sì sí mẹkáníìkì kankan láyé nígbà náà tó lè ránṣẹ́ pè. Ọkọ̀ náà dákú, ó jí, ó tún dákú. Omi tán, epo tán, bíréèkì jẹ, ṣéènì yọ. Síbẹ̀, ọjọ́ yẹn ni mọ́tò di ohun tí ayé gbà.

Ọmọ káfíńtà

Bertha ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Pforzheim nílẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti bí i, lọ́jọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1849. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, ọ̀gá káfíńtà tó ń kọ́lé fún àwọn èèyàn, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ba owó. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n bí Bertha, bàbá náà ṣí Bíbélì ilé, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó mà ṣe o, obìnrin náà ló tún jẹ́. Ẹ ò rí nǹkan! Ọmọ tí wọ́n kẹ́dùn lé lórí lọ́jọ́ tó wáyé ni gbogbo ayé ń dárúkọ lónìí. Bàbá fúnra rẹ̀, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n, bí kì í bá ṣe ti ọmọbìnrin yìí?

Ọkùnrin tó fẹ́ ẹ, Carl Benz, ọmọ opó ni. Bàbá rẹ̀ ń wa ọkọ̀ ojú irin, ó sì kú nígbà tí ọmọ kò tíì pé ọdún méjì. Ìyá rẹ̀ ló fi ìṣẹ́ tọ́ ọ, tó rán an nílé ìwé títí ó fi kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ yanjú. Lọ́dún 1871, Carl àti ẹnìkejì rẹ̀ kan dá ṣọ́ọ̀bù irin sílẹ̀ nílùú Mannheim. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ ẹ mọ bí àjọṣe ṣe máa ń rí tí ẹnì kan bá ń ṣiṣẹ́ tí ẹnìkejì kò ṣe é gbọ́kàn lé. Gbèsè wọlé. Àwọn aláṣẹ ìlú wá gbẹ́sẹ̀ lé irinṣẹ́ wọn. Òòlù tí èèyàn fi ń jẹun ni wọ́n fẹ́ kó lọ yẹn.

Carl àti Bertha kò tíì ṣègbéyàwó nígbà náà, àfẹ́sọ́nà lásán ni wọ́n. Nílẹ̀ tiwa, ìdílé ọkọ ló ń gbé ìdáná wá. Nílẹ̀ tiwọn láyé ọjọ́un, bàbá ọmọbìnrin ló ń fún ọmọ ní owó àti ẹrù tó máa gbé lọ sílé ọkọ. Bertha ní kí wọ́n fún òun nínú owó yìí kí ìyàwó tó gbé, ó sì kó o fún Carl kó fi san ẹnìkejì rẹ̀ kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mélòó ló máa gbọ́ irú èyí tí kò ní figbe bọnu? "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé báyìí? Ọkùnrin tí kò tíì gbé ẹ níyàwó lò ń kó owó fún?" Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ló ti fi irú owó bẹ́ẹ̀ sọ̀kò sínú odò. Ṣùgbọ́n Bertha ti wo ọkùnrin náà wò, ó sì ti wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ 20 oṣù Keje ọdún 1872, wọ́n gbéra wọn níyàwó.

Ọjà dé, oníbàárà kò dé

Ìyà jẹ wọ́n kí ó tó dáa. Ọmọ ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, Eugen lọ́dún 1873, Richard lọ́dún 1874, owó kò sì dúró lọ́wọ́. Gbogbo ohun tí Carl ń wá ni ẹ́ńjìnnì tó máa dá ṣiṣẹ́ láìsí ẹṣin. Alẹ́ ọjọ́ tó parí ọdún 1879 ni nǹkan yí padà. Wọ́n jẹun alẹ́ tán, ìyàwó ní kí wọ́n tún padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ dán ẹ̀rọ náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n lọ. Wọ́n yí i. Ó jí! Ó ń dún tó-tó-tó, kò sì kú mọ́. Bí àwọn méjèèjì ṣe dúró tì í tí wọ́n ń gbọ́ ọ nìyẹn, tí agogo ọdún tuntun fi ń lù nígboro.

Lọ́jọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1886, Carl kọ̀wé béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí ọkọ̀ tó fi ẹ́ńjìnnì ṣe. Nọ́ńbà ìwé náà ni 37435. Orúkọ ilé-iṣẹ́ Benz ló wà lórí rẹ̀. Ti obìnrin tó yọ owó ara rẹ̀ kalẹ̀ níjọ́ kìíní, wọn kò kọ ọ́ síbẹ̀. Lọ́jọ́ 3 oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, ọkọ̀ náà jáde sí títì Mannheim, àwọn èèyàn sì rí i.

Ọkọ̀ ọ̀hún kò jọ mọ́tò tiwa. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn. Àgbá irin ńlá kan wà lẹ́yìn tí wọ́n máa fi ọwọ́ yí kí ẹ́ńjìnnì tó jí. Ṣéènì bí ti kẹ̀kẹ́ ló ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kò ní ilé epo rárá, inú káábúrétọ̀ ni gbogbo epo wà, kò sì ju lítà mẹ́rin ààbọ̀ lọ. Eré tó lè sá kò ju nǹkan bí kìlómítà 16 ní wákàtí kan.

Wàyí o, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ọjà ti dé, oníbàárà kò dé. Àwọn èèyàn ń wò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń lọ. Ta ni yóò fi owó rẹ̀ ra ohun tí kò tíì gbé ẹnikẹ́ni kúrò ní ìlú kan dé ìlú kejì? Bẹ́ẹ̀ ni Carl fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n kiri. Oníṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, kò sí lọ́jọ́ kan tí kò rí ohun tó yẹ kó tún ṣe lára ọkọ̀ rẹ̀. Irú wọn pọ̀ láàárín wa. Télọ̀ tó mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fẹ́ kí aṣọ jáde, nígbà tí oníbàárà fi máa rí i, ọdún á ti kọjá. Bertha sì mọ ohun tí gbogbo ọlọ́jà mọ̀: ọjà tí wọn kò pàtẹ, wọn kì í rà á.

Ìdájí ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ

Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1888, ìjọba fún Carl ní ìwé àṣẹ kó lè máa wa ọkọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí àwọn ọmọ wà ní họ́lídè, ìyàwó rẹ̀ dìde nídàájí. Òun kò gba ìwé àṣẹ kankan. Ẹni ọdún 39 ni. Ó jí Eugen, ọmọ ọdún 15, ó jí Richard, ọmọ ọdún 13. Wọ́n yọ́ lọ síbi tí ọkọ̀ wà, wọ́n fi ọwọ́ tì í jáde jẹ́jẹ́, nítorí bí wọ́n bá yí i nínú ọgbà, ariwo rẹ̀ máa jí bàbá. Ìgbà tí wọ́n jìnnà díẹ̀ ni wọ́n tó yí àgbá irin náà. Ọkọ̀ jí. Ó dilé ìyá àgbà ní Pforzheim.

Ọ̀nà yẹn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 106, tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́. Lónìí, ta ló ń ka èyí sí nǹkan? Ṣùgbọ́n nígbà náà, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni, òkúta àti eruku. Kò sí ilé epo. Kò sí fọkanáísà. Kò sí ẹni tó ń ta páàtì mọ́tò níbikíbi lábẹ́ ọ̀run, nítorí ọ̀pọ̀ ará ìlú tí wọ́n máa là kọjá kò rí mọ́tò rí. Títí di ọjọ́ yẹn, wọn kò tíì wa ọkọ̀ náà ju àyíká ilé lọ. Bó bá dákú sí àárín igbó, kí ni wọ́n máa ṣe? Bí àwọn ọmọ bá ṣèṣe ńkọ́? Àti pé bí ìròyìn bá kàn pé ọkọ̀ Benz kò dé ibi tó ń lọ, ọjà náà ti kú pátápátá nìyẹn, owó ìyàwó àti iṣẹ́ ọkọ ti wọlẹ̀.

Bí wọ́n ti dé Wiesloch, lẹ́yìn Heidelberg, epo ti ń tán. Epo tí ẹ́ńjìnnì náà ń mu, ligroin ni wọ́n ń pè é, àwọn olóògùn ló ń tà á nínú ìgò fún àwọn tó fẹ́ yọ àbàwọ́n lára aṣọ. Bertha yà sí ṣọ́ọ̀bù olóògùn ìlú náà, ó ní kí wọ́n ta á fún òun. Ẹ wo ojú olóògùn yẹn! Obìnrin kan bá ọkọ̀ aláriwo dé, eruku bò ó látòkè délẹ̀, ó ní epo àbàwọ́n lòun fẹ́, kì í sì í ṣe ìgò kékeré kan. Ó tà á fún un. Títí di òní ni wọ́n ń sọ pé ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ilé epo àkọ́kọ́ láyé, wọ́n sì ti gbé ère sí iwájú rẹ̀.

Omi náà jẹ́ ìṣòro. Ẹ́ńjìnnì náà ń gbóná, omi inú rẹ̀ sì ń hó lọ sófuurufú. Kò sí bí wọ́n ṣe lè rìn jìnnà láì dúró pọn omi, nígbà mìíràn nílé àwọn tó ń ta oúnjẹ lẹ́bàá ọ̀nà, nígbà mìíràn nínú odò. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé jálá omi sá tẹ̀lé dírẹ́bà rí, ẹ ti mọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ́ńjìnnì tún kú. Ìdọ̀tí ló dí ihò tí epo ń gbà kọjá. Mẹkáníìkì kò sí, irinṣẹ́ kò tó. Bertha fọwọ́ kan orí. Láyé ọjọ́un, abẹ́rẹ́ gígùn ni àwọn obìnrin òyìnbó fi ń gún àkẹtẹ̀ wọn mọ́ irun. Ó fa abẹ́rẹ́ náà yọ, ó fi gún ihò epo, ìdọ̀tí jáde, ọkọ̀ jí. Nígbà tó tún ṣe, wáyà tó ń gbé iná lọ sí ẹ́ńjìnnì bó, iná ń já lára irin. Obìnrin náà bọ́ ìdè tó fi ń so ìbọ̀sẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, ó fi wé wáyà náà. Àwọn rewáyà wa tó ń fi téèpù dúdú wé wáyà, ẹ rántí ẹni tó ṣáájú yín.

Ìgbà tí wọ́n fi dé Bruchsal, ṣéènì ti fà, ó ti ń yọ. Alágbẹ̀dẹ ìlú ni wọ́n gbé e lọ bá. Ẹni tó ń rọ bàtà ẹṣin lójoojúmọ́ ló tún ṣéènì mọ́tò ṣe, ó sì dúró.

Òkè ló kù. Ọkọ̀ kékeré yẹn kò lágbára tó láti gbé èèyàn mẹ́ta gun òkè. Jíà méjì péré ló ní, kò sì sí èyí tó mọ òkè gùn nínú méjèèjì. Kí ni wọ́n ṣe? Ohun tí àwọn èrò ọkọ̀ ń ṣe títí dòní ni. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, ẹnì kan di ìdarí mú, àwọn tó kù ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá, nínú aṣọ gígùn rẹ̀, ń ti mọ́tò. Wọ́n ní àwọn ará oko bá wọn tì í nígbà mìíràn.

Bí wọ́n bá sì gun òkè tán, ó di kí wọ́n sọ̀kalẹ̀, ìyẹn gan-an ló burú jù. Igi lásán ni bíréèkì ọkọ̀ náà, tí wọ́n á tẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Igi ń jẹ, ó ń gbóná, kò sì dá ọkọ̀ dúró dáadáa mọ́. Ẹ̀yin tí bíréèkì ti já mọ́ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rí, ẹ mọ bí àyà ṣe máa ń já. Bertha wá ronú kan. Ó dúró lọ́dọ̀ ṣúmékà kan lójú ọ̀nà, ó ní kó gé awọ, kó kàn án mọ́ igi bíréèkì náà. Aránbàtà gé awọ, ó kàn án. Bíréèkì mú.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí wọ́n wọ Pforzheim, pẹ̀lú eruku lójú, ìdọ̀tí epo lọ́wọ́, àárẹ̀ lára. Ìyá Eugen tẹ wáyà ránṣẹ́ sí Bàbá Eugen ní Mannheim pé àwọn ti gúnlẹ̀ ní àlàáfíà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n tún wa ọkọ̀ kan náà padà sílé, wọ́n sì gba ọ̀nà mìíràn.

Ohun tí ìdákú náà kọ́ wọn

Ẹnì kan lè ní: "Ṣé ọkọ̀ tó dákú tó báyẹn la tún ń yìn?" Bẹ́ẹ̀ ni o. Bí ọkọ̀ náà bá jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń nù ún, tí wọ́n ń kùn ún, kò ní dákú láéláé, kò sì ní wúlò láéláé. Ojú ọ̀nà ló sọ òótọ́ fún wọn. Gbogbo ibi tí ọkọ̀ ti dákú, Bertha kó o délé fún ọkọ rẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Òkè kò ṣe é gùn, ó fẹ́ jíà mìíràn: Carl fi jíà kún un. Igi bíréèkì kò dára, awọ ló mú un dúró: awọ di ara bíréèkì. Ohun tí ń bẹ lára bíréèkì gbogbo mọ́tò lónìí, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pààrọ̀ tó bá ti jẹ tán, ọ̀dọ̀ aránbàtà yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 1888 yẹn náà, wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sí ìpàtẹ ńlá kan nílùú Munich, ó sì gba ẹ̀bùn wúrà. Ọjà bẹ̀rẹ̀ sí tà díẹ̀díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 50 lọ́dún 1890 ti ní 430 lọ́dún 1899, ọkọ̀ 572 ló sì ṣe lọ́dún 1899 nìkan. Eugen àti Richard tó ti mọ́tò gun òkè, àwọn náà ló di ọ̀gá níbi iṣẹ́ tí wọ́n bá bàbá wọn ṣe ní Ladenburg.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí oníbàárà bá dá aṣọ padà pé apá ń fún òun, tàbí tó gbé àga wá pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló máa ń fajú ro. "Látọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìwọ nìkan ló wá ráhùn." Bẹ́ẹ̀, ẹni tó lo iṣẹ́ náà ló mọ ibi tó kù sí. Carl ló mọ ẹ́ńjìnnì. Bertha ló mọ ojú ọ̀nà. Bí Carl bá ní kí ìyàwó òun pa ẹnu mọ́ nítorí kò kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, kò ní sí jíà, kò ní sí bíréèkì.

Àwọn tí wọn kò kọ orúkọ wọn

Ohun kan ṣì wà nínú ìtàn yìí tó yẹ kó dun oníṣẹ́ ọwọ́. Alágbẹ̀dẹ Bruchsal, kí ni orúkọ rẹ̀? Aránbàtà tó kan awọ mọ́ bíréèkì, ta ni bàbá rẹ̀? Àwọn ará oko tó bá wọn ti ọkọ̀ ńkọ́? Orúkọ Benz ló gba ayé kan. Orúkọ wọn kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, láìsí wọn, ọkọ̀ yẹn kò ní dé Pforzheim. Kò sí ọkọ̀ tó dá dé ibi tó ń lọ.

Orúkọ kejì tí wọ́n wá so mọ́ Benz náà ní ìtàn tirẹ̀. Lọ́dún 1926 ni ilé-iṣẹ́ Benz àti ilé-iṣẹ́ Daimler di ọ̀kan, tí ọkọ̀ wọn wá ń jẹ́ Mercedes-Benz. Mercedes yìí, orúkọ obìnrin ni o! Ọmọbìnrin oníṣòwò kan tó ń bá Daimler ta ọkọ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, bàbá rẹ̀ sì fi orúkọ ọmọ rẹ̀ sọ ọkọ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn olówó wa ń fi Mẹ́sídíìsì ọlọ́yẹ́ yangàn, tí lọ́rì Bẹ́ńsì 911 ń kó iṣu àti gẹdú káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, orúkọ ọmọbìnrin kan ni wọ́n ń gbé kiri. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti ọkọ̀ gun òkè, orúkọ ọkọ rẹ̀ nìkan ló kù lára ọkọ̀ náà.

Carl kò gbàgbé o. Lọ́dún 1925, ọdún 37 lẹ́yìn ìrìn-àjò náà, ó kọ ìwé nípa ayé rẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé nígbà tí ọkọ̀ ayé òun ń rì, ìyàwó òun nìkan ló dúró ti òun. Ó kú lọ́dún 1929. Bertha pẹ́ láyé. Lọ́jọ́ tó pé ẹni ọdún 95, ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1944, yunifásítì ẹ̀rọ ìlú Karlsruhe, tí ọkọ rẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́, fi oyè dá a lọ́lá. Ọjọ́ kejì lẹ́yìn rẹ̀ ló dágbére fáyé, ọjọ́ 5. Lọ́dún 2008, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀nà tó gbà lọ àti èyí tó gbà bọ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 194. Ó dára. Àmọ́ ó ti kú fún ọdún 64 kó tó kàn án.

Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń yọ owó ọjà kalẹ̀ kí ọkọ lè fi ra irinṣẹ́, tàbí kó fi san gbèsè ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹni tó ní kí ẹ má ṣe é mọ́. Ilé tí tọkọtaya bá jọ gbé ró ló ń dúró. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlẹ́rìí wà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀. Kì í ṣe nítorí ìjà, nítorí ọjọ́ tí ọkọ kò ní sí mọ́ ni, tí àwọn ẹbí máa dé tí wọ́n á béèrè pé kí ni obìnrin ní nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ̀yin ọkọ náà, ẹ má dúró di ọdún 37 kí ẹ tó sọ ọ́ jáde. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí etí ṣì ń gbọ́.

Àti ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́, nígbà tí ọmọṣẹ́ yín bá mú ọgbọ́n tuntun wá, tàbí tí aránbàtà ẹ̀gbẹ́ yín bá bá yín tún nǹkan ṣe, ẹ dárúkọ rẹ̀ fún oníbàárà. Kò ní dín èrè yín kù. Orúkọ ṣúmékà tó fún mọ́tò ní bíréèkì ti sọnù sáyé. Ká má jẹ́ kí ti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sọnù bẹ́ẹ̀.